Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Land Rover Àtijọ́

Bí a bá gbọ́ pé wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan láti fi ti òmíràn rọ́pò rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì wa àti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ọjà Ládípọ̀ ló máa ń wá sọ́kàn wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ní ìtàn tirẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Land Rover ló sì wà nídìí ìtàn náà.

Ọdún 1948 ni iléeṣẹ́ Rover ṣàfihàn Land Rover ní Amsterdam. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, irin ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀. Maurice Wilks tó ronú kan ọkọ̀ náà ti ń lo Jeep ológun Amẹ́ríkà lóko rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, agbára rẹ̀ tó ẹṣin 50. Nígbà tó di 1961, ti dísù lítà 2.25 jáde, agbára ẹṣin 62 péré ló ní. Ó tó fún oko àti ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n lójú títì márosẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ náà ń wọ́.

Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wá ẹ́ńjìnnì lọ sóde. Ní 1965, ó gbàṣẹ láti máa ṣe ẹ́ńjìnnì V8 tí Buick ti Amẹ́ríkà ti pa tì. Ó fi í sínú Range Rover ní 1970, ó sì fi í sínú Land Rover ní 1979. Agbára wà níbẹ̀, àmọ́ ó ń mu pẹtiróòlù bí omi.

Discovery ló yí ọ̀rọ̀ padà ní 1989. Ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀, 200Tdi, jẹ́ lítà 2.5, ó ní tọ́bò, agbára rẹ̀ sì ju ẹṣin 100 lọ. Ara Discovery kì í pẹ́ dípẹtà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ dé orí àkìtàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko. Ọmọ ìdílé ẹ́ńjìnnì lítà 2.25 ni 200Tdi, nítorí náà ó ń bá gíàbọ́ọ̀sì Land Rover àtijọ́ mu láìsí wàhálà púpọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tọ́bò ti Discovery wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń kọlu ṣáásì. Àwọn kan wá tọ́bò tó wà lókè, àwọn mìíràn yọ tọ́bò kúrò pátápátá.

Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra rèé. Búréèkì dírọ́ọ̀mù ni Land Rover àtijọ́ ní lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fún ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n sì ṣe gíà rẹ̀. Ẹni tó bá sọ agbára di ìlọ́po méjì láìtún búréèkì ṣe ti fẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Lójú tiwa, ohun tí ìtàn yìí kọ́ni kò mọ sórí ọkọ̀. Àwọn tó ṣe 200Tdi kò da iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wọn nù. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ tiwọn lé. Òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ tí baba ra lè gba ẹ́ńjìnnì ìgbà ọmọ, kó sì tún máa lọ sóko.