Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Mark Twain Lójú Ìwé Ìròyìn ní Ọjọ́ Ogbó Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Òwe yìí bá ìgbẹ̀yìn ayé Samuel Clemens mu, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà tí ayé mọ̀ sí Mark Twain (1835–1910). Àwọn ìwé ìròyìn tó gbé òkìkí rẹ̀ káàkiri náà ni kò jẹ́ kí òǹkàwé tètè rí ìbànújẹ́ rẹ̀. Apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀rín ni wọ́n sì ń wá lẹ́nu rẹ̀.

Ní 1894, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ wó sínú gbèsè. Láti san gbèsè náà, ó rìnrìn àjò yí ayé ká ní 1895 sí 1896, ó ń bá èrò sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní oṣù kẹjọ 1896, Susy ọmọ rẹ̀ kú ní Amẹ́ríkà nígbà tí bàbá wà ní England. Kò tí ì pé ọdún kan tí àhesọ fi tàn kálẹ̀ pé Twain fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní London. Ìbátan rẹ̀ kan ló ṣàìsàn níbẹ̀. Ó dá akọ̀ròyìn New York Journal lóhùn pé àsọdùn ni ìròyìn ikú òun. Èsì náà jáde ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà 1897. Ayé rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ilé ọ̀fọ̀ ni èsì náà ti wá.

Ní oṣù kejìlá 1906, ó lọ bá àwọn aṣòfin ní Washington nítorí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ funfun tó wọ̀ àti ẹ̀rín àwọn aṣòfin ni New York Times fi ṣe àkọlé.

Èyí tó wúwo jù ṣẹlẹ̀ ní 1909. Ìwé ìròyìn tún ní ó ń kú lọ. Jean ọmọ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó sẹ́ ẹ, kí àyà Clara, ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Jámánì, má baà já. Twain fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ránṣẹ́ sí Associated Press. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá, Jean, ẹni tí wárápá ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́, kú. Oṣù mẹ́rin kò pé tí bàbá náà fi tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin 1910.

Ohun tí Twain kọ nípa ikú Jean kò dé ọwọ́ òǹkàwé títí ó fi kú. Nítorí náà, bí òpìtàn lítíréṣọ̀ bá gbára lé ìwé ìròyìn nìkan, ẹ̀rín ni yóò gbọ́. Kò ní gbọ́ ẹkún tó wà lẹ́yìn rẹ̀.