Àwo Orin àti Ìdí Orin: Haruna Ìṣọ̀lá ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Láyé àtijọ́, ibi tí a bá ti kọrin ni orin ń parí sí. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ gíramafóònù ni ó yí èyí padà: ó sọ orin ijó àti ti ayẹyẹ di ohun tí ènìyàn lè jókòó sílé gbọ́. Èrè ńlá ni, ṣùgbọ́n ó mú àdánù lọ́wọ́. Ohùn orin wọ inú àwo, ìdí orin sì ṣẹ́kù síta.

Èyí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ilẹ̀ Faransé, Maurice Ravel kọ Boléro fún oníjó kan, Ida Rubinstein, wọ́n sì kọ́kọ́ jó o ní Paris ní 1928. Ìlù kan náà ni a ń lù nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí àwọn ohun èlò yòókù sì ń gun orí rẹ̀. Ní 1930, Ravel fúnra rẹ̀ darí àwọn eléré láti gbà á sínú àwo. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mọ orin náà ni kò mọ̀ pé ijó ni a torí rẹ̀ kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá mọ àgídìgbo nínú àpàlà yóò mọ iṣẹ́ tí irú ìlù bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ògbóǹtarìgì nínú àpàlà ni Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a bí ní 1919. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ilé-iṣẹ́ His Master's Voice gbé jáde ní 1948, dá lórí Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, Haruna tún orin náà gbà ní 1955, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Láàárín ọdún méje náà, Haruna ti ń ṣeré kiri òde àríyá, àwọn ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n. Ikú ọba pẹ̀lú ti sọ orin ìyìn di orin ìrántí.

Àwo ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lójú kan. Olórin tí ó lè ki ènìyàn títí ilẹ̀ fi mọ́ ní láti gé oríkì kúrú. Nígbà tí àwo elpii tí ó gba ogún ìṣẹ́jú lójú kan dé, àyè gba olórin láti na ọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé gbogbo oríkì ẹnìkan ni ó wà nínú àwo tí ó ń gbọ́.

Àwọn àgbà ní: bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, òmọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Kí a tó túmọ̀ oríkì inú àwo, ó yẹ kí a béèrè: ta ni a ń kì? Ó wà láàyè nígbà náà ni, tàbí ó ti kú? Ní ọdún wo ni a gba orin náà? Àwo nìkan kò lè dáhùn.

Haruna kú ní 1983. Àwọn tí ó mọ àwọn ènìyàn tí ó kì ń dínkù lọ́dọọdún. Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbé àwọn orin wọ̀nyí lọ bá àwọn àgbà Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìjẹ̀bú-Òde nísinsìnyí, kí wọ́n sì kọ àlàyé wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti orúkọ.