Ṣé Fóònù Lè Dún bíi Minimoog?

Tí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, tàbí tí ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ ṣáà yá mi ní etí kan.

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe beat nínú yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, hẹ́dífóònù kan, kíbọ́ọ̀dù kékeré kan: gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé orin tuntun lọ bá ẹ̀gbọ́n kan ní sítúdíò. Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbọ́ ọ dé ìdajì tó fi ní, "Àbúrò, báàsì rẹ yìí, rọ́bà ni. Analog gidi ò kí ń dún báyìí." Ọ̀rẹ́ mi délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó lè máa tu owó jọ fún synthesizer àtijọ́. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló pè mí láti bi mí bóyá orí òun ti dàrú. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ni màá mú, torí tá a bá ní ká ka gbogbo wọn, ilẹ̀ á ṣú. Minimoog ni.

Kí Minimoog tó dé, synthesizer tí Robert Moog ń ṣe ní Trumansburg, ní ìpínlẹ̀ New York, tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Wáyà ni wọ́n fi ń so ẹ̀yà kan mọ́ òmíràn. Irú rẹ̀ ni Wendy Carlos fi ṣe àwo Switched-On Bach ní 1968. Ó dáa, àmọ́ ta ló fẹ́ máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sóde eré? Bill Hemsath, ọ̀kan lára àwọn ẹnjiníà ibẹ̀, wá kó àwọn ẹ̀yà tó ṣẹ́kù sílẹ̀ jọ, ó fi ṣe kékeré kan. Láti ibẹ̀ ni Minimoog ti jáde ní 1970. Ohùn kan ṣoṣo ló lè mú wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀, ọ̀kan náà lẹ máa gbọ́. Síbẹ̀, iye tí wọ́n ṣe lé ní 12,000 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1981.

Tí a bá ní nǹkan jẹ́ analog, ohun tá à ń sọ ni pé iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ló ń mì tí ohùn fi ń jáde. Nínú Minimoog, ẹ̀yà mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní oscillator ló ń ṣe é. Tí fóltì kan bá kún iná tó ń wọ ibẹ̀, ohùn á gòkè ní octave kan. Lẹ́yìn náà, ohùn á gba inú asẹ́ kan kọjá, asẹ́ tí Moog gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1969. Bí ẹ bá ṣe yí bọ́tìnnì rẹ̀ ni asẹ́ yẹn á ṣe máa sẹ́ ohùn tíńrín kúrò, tí á fi èyí tó nípọn sílẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni ooru. Tí transístọ̀ bá gbóná, ohùn á yẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, ohùn á máa rìn kiri, àfi kí olórin ní sùúrù kó móoru dáadáa. Ẹni tó bá ti rí onísákárà tó ń yá ìlù rẹ̀ níná kí eré tó bẹ̀rẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. (Ẹ wá ronú William Onyeabor ní Enugu, tó ń fi synthesizer kún inú àwo rẹ̀ láti 1977 dé 1985, nínú ooru tiwa yìí!) Oscillator mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í yẹ̀ bákan náà. Ọ̀kan á lọ sókè bíńtín, ìkejì á lọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá pàdé, ohùn á sanra, á máa mì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́ta bá ń kọ orin kan náà pọ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí o. Ìṣirò kan tí wọ́n ṣì ṣe mú kí ohùn tó ń wọ inú asẹ́ Minimoog pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Asẹ́ ò lè gbé e tán, ni ohùn bá ń ya díẹ̀ létí. Moog fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó yá pé àṣìṣe ni. Ohùn "gbígbóná" tí ẹ̀gbọ́n inú sítúdíò fi ń yangàn nìyẹn.

Roland TR-808 ti Jàpáànì, tó jáde ní 1980, tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikutaro Kakehashi, tó dá Roland sílẹ̀, mọ̀ọ́mọ̀ ra transístọ̀ tó ní àbùkù ni, nítorí bí wọ́n ṣe ń dún ṣáà. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe transístọ̀ wá mọ iṣẹ́ wọn ṣe sí i, àbùkù wọ́n lọ́jà, 808 náà sì parí. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á.

Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe ohùn tó ń yẹ̀ ní adùn. Prophet-5, tó dé ní 1978, ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú tó ń bá a tún ohùn ṣe. Nígbà tí Yamaha gbé DX7 jáde ní 1983, tó jẹ́ digital látòkè délẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀ bó ti wù kí ooru mú tó, àwọn olórin sáré ta analog wọn ní ọ̀pọ̀. Owó pọ́ọ́kú yẹn làwọn ọ̀dọ́ Chicago àti Detroit fi rí irinṣẹ́ tí wọ́n fi dá orin house àti techno sílẹ̀.

Ó wá kan kọ̀ǹpútà. Steinberg ní Jámánì gbé VST jáde ní 1996, ìyẹn ọ̀nà tí sọ́fítíwíà kékeré fi lè jókòó sínú ńlá. Plugin tí ẹ ń lò lónìí, ibẹ̀ ló ti wá. Ní 2003, Arturia, ilé iṣẹ́ kan ní Grenoble, ní Faransé, gbé Moog Modular V jáde, Robert Moog sì fọwọ́ sí i. Àmọ́ ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ìgbà yẹn ṣì ń dún bíi rọ́bà lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n ò purọ́ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ṣe ìṣirò ohun tí Minimoog yẹ kó jẹ́ lórí ìwé: oscillator tí kì í yẹ̀, asẹ́ tí ohùn kì í pọ̀ jù fún.

Asẹ́ yẹn gan-an ni egungun ọ̀rọ̀. Nínú irinṣẹ́ gidi, ohùn tó jáde nínú asẹ́ á tún padà wọlé lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń lò, ó lè jẹ́ 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó mọ ohun tó ń jáde, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó padà wọlé. Kó tó mọ ohun tó padà wọlé, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń jáde. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kó máa lo èsì nọ́ńbà tó ṣáájú. Ó pẹ́ díẹ̀ péré, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí asẹ́ náà han gooro, etí á mọ̀. Ní ìparí 2011, Diva, tí ilé iṣẹ́ u-he ní Berlin ṣe, jáde. Òun kì í lo èsì àtẹ̀yìnwá; ó ń wá ìdáhùn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fi àìdọ́gba oscillator kún un. Iṣẹ́ yẹn pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ gbọ́ ohùn méjì yìí.

[Báàsì kìíní ń dún. Báàsì kejì ń dún.]

Áàpù Minimoog tí ilé iṣẹ́ Moog ṣe fún iPhone ní 2018 ni méjèèjì, lórí fóònù àbúrò mi. Ọ̀fẹ́ ló gbà á ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí wọ́n yọwó kúrò lórí rẹ̀ torí kónílé-ó-gbélé. Nínú ti àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí oscillator mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba rẹ́gí. Nínú ìkejì, mo yí méjì kúrò lójú kan, ó kéré débi pé ẹ ò ní rí i pé bọ́tìnnì náà kúrò níbi tó wà. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀, àbí? Rọ́bà àkọ́kọ́ yẹn, ọwọ́ èmi ni, kì í ṣe ti fóònù.

Ṣé ó wá dún bíi ti gidi? Èrò tèmi nìyí. Tí ìlù, gìtá àti ohùn olórin bá ti wọ inú orin, mi ò lè mọ ọ́n, mi ò sì gbà pé ẹ̀gbọ́n náà lè mọ̀ ọ́n. Tí báàsì bá dá wà, tí ẹnì kan ń yí asẹ́ lọ síbi tó ti fẹ́ máa ké, mo máa ń gbọ́ nǹkan kan nígbà mìíràn, nínú hẹ́dífóònù tó dáa. Lórí ẹ̀rọ fóònù lásán, báàsì yẹn gan-an ò ní jáde, ká má tiẹ̀ sọ ti ìyàtọ̀. Kí ẹ tún bi mí pé Minimoog wo gan-an? Ti ìbẹ̀rẹ̀ ò dún bákan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ pátákó oscillator rẹ̀.

Ibi tí àgbà irinṣẹ́ fi borí ni ọwọ́. Iṣẹ́ kan, bọ́tìnnì kan. Ẹ lè yí méjì pọ̀ láìwo ojú ẹ̀rọ kankan. Ìyẹn ò sí lórí gíláàsì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún un ṣe jáde ní 2022, iye tí wọ́n ń tà á nígbà náà súnmọ́ 5,000 dọ́là.

Ẹ tún wo log drum amapiano tó gba gbogbo ìgboro Èkó. Inú Fruity DX10, plugin kan nínú FL Studio, ló ti jáde. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ ní òde ijó tó bèèrè bóyá ó jọ igi gidi.

Ọ̀rẹ́ mi ò ta kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣì ń wo àwòrán Minimoog lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó sùn, mi ò sì bá a wí. Ó tún báàsì náà ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Òun lẹ ń gbọ́ nísàlẹ̀ ohùn mi yìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, káàsẹ́ẹ̀tì la máa tú palẹ̀.