Ta ló ni ọ̀bẹ tí a fi ń gé fíìmù?

1. Lọ́dún tó kọjá, mo pàdánù fídíò ìyá mi àgbà. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Ayétòrò, nípa ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè wá ní Ẹ̀gbádò, kí orúkọ tó di Yewa ní 1995. Sọ́fítíwìà tí wọ́n ti kírákì ni mo fi ń gé e. Kòkòrò tó bá a wọlé ti gbogbo fáìlì mi pa, ó ní kí n sanwó kó tó ṣí wọn. Ìyá àgbà ò sí láyé mọ́.

2. Ẹ má wulẹ̀ bú mi, mo ti bú ara mi tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn mú kí n máa béèrè pé: ta gan-an ló ni ọ̀bẹ tí àwa Yorùbá fi ń gé fíìmù? Ìtàn rẹ̀ gùn díẹ̀. Ẹ jókòó.

3. Ní 1976, Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Adé Love wà níbẹ̀. Ní 1979, Hubert Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, gbé Ayé jáde. Èèyàn wa ló ṣe é, èèyàn wa ló tò láti wò ó. Àmọ́ fíìmù aláwọ̀ ayé ìgbà yẹn, òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ fọ̀, kí wọ́n tó parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Owó òyìnbó ni wọ́n sì ń san. Ìtàn jẹ́ tiwa, ọ̀bẹ jẹ́ tiwọn.

4. Ní 1986, SAP dé. Náírà já wálẹ̀, apá ò ká owó fíìmù mọ́. Ibẹ̀ ni VHS ti wọlé. Ní 1989, Kenneth Nnebue tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì fowó sí Ajé Ni Ìyá Mi, wọ́n sì ṣe é sórí VHS. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gé e? Ẹ̀rọ méjì ni: ọ̀kan ń ṣeré, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Bó o bá ṣàṣìṣe, o padà sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un dà sórí òmíì, àwòrán á bàjẹ́ sí i. Kò dán, àmọ́ ilé lọ̀bẹ wà.

5. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Sọ́fítíwìà tó dáa ń béèrè dọ́là lóṣooṣù. Kí la wá ṣe? Kírákì. Gbogbo àwa tá a jọ ń ya fídíò ìgbéyàwó ládùúgbò, òun la ń lò. Ọ̀bẹ tún ti kúrò lọ́wọ́ wa, a kàn ń jí i lò ni.

6. Àwọn kan sì ti ń ṣe nǹkan míì níbòmíì. Ní 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà kéde iṣẹ́ GNU: sọ́fítíwìà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tó o lè kà, tó o lè tún ṣe, tó o lè dà fún aládùúgbò. Ní 1991, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 tó ń kàwé ní Finland, gbé Linux jáde. Ní 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu kalẹ̀ lórí Linux. Títí di 2011, wọ́n ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí.

7. Ọ̀bẹ ńkọ́? Jason Wood bẹ̀rẹ̀ Kdenlive ní 2002. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ tó ni Blender ti kógbá sílé. Ton Roosendaal ní kí ará ayé dáwó kí wọ́n fi rà á sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje, 100,000 yúrò pé. Bí a ṣe ń dáwó ìlú kọ́ ilé ìwé gẹ́lẹ́! Ní 2025, Flow, fíìmù láti Latvia tí wọ́n fi Blender ṣe, gba Oscar.

8. Èmi wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní Poly Ìlaròó gbé fúláàsì kan fún mi, Linux Mint ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni kí n san?" Wọ́n ní, "Owó kẹ̀? Ìwọ náà lọ dà á fún ẹlòmíì." Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni tèmi, 8GB RAM. Kútọnù ló gbà wọlé, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ ti Faransé, A wà níbi tí Q yẹ kó wà. Mo ṣí sẹ́tíńgì, mo bá kíbọ́ọ̀dù Yorùbá níbẹ̀! Ó ti wà nínú Linux tẹ́lẹ̀. Mo fi í kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò, pẹ̀lú àmì ohùn.

9. Kì í ṣe oyin gbogbo o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu àti ohùn ò bára mu. Fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn. Bí Kdenlive bá ní òun fẹ́ yí fídíò náà padà, ẹ gbà fún un. Bí ẹ̀rọ bá ń fà, ẹ tan "proxy": á ṣe ẹ̀dà kékeré tí ẹ ó máa gé, tó bá kù kó parí, á padà lo ojúlówó. Ẹ má sì rò pé gbogbo ọ̀fẹ́ ló jọra. DaVinci Resolve ní ti ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹlòmíì ló ni kóòdù rẹ̀.

10. Àwọn àgbà ní aṣọ àyálò kì í bá ni mu. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Mi ò purọ́ fún yín: Linux ò lè dá fídíò ìyá àgbà padà. Ká ní mo ti ṣe ẹ̀dà sí ibòmíì ni, ẹkún ò bá má sí.

11. Ìyá àgbà ní àbúrò obìnrin kan ní Ìlaròó. Ní Sátidé, mò ń gbé fóònù lọ bá wọn. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ní àgbà nílé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì dà á síbi méjì. Ẹni tó bá fẹ́ Linux Mint ládùúgbò Ayétòrò, kó mú fúláàsì wá. Mi ò gbowó.