Aṣọ Tó Ń Ṣe Iṣẹ́ Ìwé Ìtàn

Ìtàn kò bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé. Ní Tassili n'Ajjer, ní aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè Algeria, àwòrán ọdẹ àti darandaran ti wà lára àpáta láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní Abomey, ní ilẹ̀ Benin tó múlé gbè wá, wọ́n mọ àwòrán ogun sára ògiri ààfin. Àwọn aránṣọ ọba náà a sì máa gé aṣọ ní ìrísí ènìyàn àti ẹranko, wọn a rán an mọ́ aṣọ ńlá.

Obìnrin kan ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Harriet Powers ni orúkọ rẹ̀. Inú ẹrú ni wọ́n bí i sí ní ìpínlẹ̀ Georgia lọ́dún 1837. Lẹ́yìn òmìnira, ó fi àgékù aṣọ rán aṣọ ìbora méjì tó kún fún àwòrán ènìyàn. Ìtàn Bíbélì ló wà lára èkíní, ó sì gbé e lọ sí ibi àfihàn lọ́dún 1886. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti tà á, ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan le, ó tà á ní dọ́là márùn-ún. Ó ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó rà á, onítọ̀hún sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lára èkejì, ó rán òru tí ìràwọ̀ já bọ́ bí òjò lọ́dún 1833, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí i. Ẹnu àgbà ló ti gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ ló fi pa á mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ìkirè àti Àpòmù. Ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń jí ènìyàn gbé níbẹ̀, wọ́n ń tà wọ́n sẹ́rú. Ọ̀ràn yìí, pẹ̀lú ìjà lórí ataare nínú ọjà náà, wà lára ohun tó dá Ogun Òwu sílẹ̀. Èmi kò sọ pé ibí ni àwọn babańlá Harriet ti wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ẹni tí wọ́n bí sínú ẹrú bá lè pa ìtàn mọ́, kò yẹ kí ìlú tí wọ́n ti ta ènìyàn gbàgbé wọn.

Ẹ̀kú egúngún ti kọ́ wa bí a ṣe ń rán àgékù mọ́ àgékù. Ẹ jẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìtàn ọjà náà lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí a gba àgékù aṣọ lọ́wọ́ àwọn télọ̀, kí a rán ọlọ́jà, ataare àti ẹni tí wọ́n dè lókùn. Kí àwọn olùkọ́ wa sì kọ àlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á.