Orúkọ Bàbá Wa: Ohun Tí Ó Sọ àti Ohun Tí Kò Sọ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a bímọ sí Kumasi, Abidjan tàbí Kánò, bí ọmọ bá bèèrè lọ́wọ́ wa pé ta ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́, ẹni mélòó nínú wa ló lè dáhùn?

Láyé àtijọ́, Yorùbá kì í jẹ́ orúkọ bàbá bí a ti ń jẹ́ ẹ lónìí. Agbo ilé àti oríkì orílẹ̀ ni a fi ń mọ ẹbí. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ sínú ìwé ni orúkọ ẹnìkan di ti gbogbo ìdílé. Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá méjì fi lè máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan mú ti bàbá, èkejì mú ti bàbá àgbà.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú orúkọ tí tiyín jẹ́. Àyàn ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọ̀jẹ̀ sí eléégún, Fá sí awo Ifá. Ṣùgbọ́n àmútọ̀runwá ni Òjó àti Táíwò; oríkì ẹnìkan ni Àlàó àti Àlàbí. Ìdílé Àlàbí méjì lè má tan mọ́ ara wọn rárá.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó gba orúkọ àlùfáà òyìnbó kan. Orúkọ àlùfáà yìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Àjàyí gan-an, pé ó dojú bolẹ̀ wáyé nìkan ló sọ. Kò sí èyí tó dárúkọ Òṣogùn nínú méjèèjì. Ohun tí ó rántí, tí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú lẹ́tà ní 1837, ni ó pa ìtàn ilé rẹ̀ mọ́. Ní 1846, òun àti Àfàlà, ìyá rẹ̀, tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta.

Àwa náà ti rí ìtúká tiwa. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kó jáde. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà fi ṣọ́ọ̀bù àti ọjà sílẹ̀. Ẹbí fọ́n ká.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ọmọ tí kò mọ orílẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́ ìbátan rẹ̀ lájò. Bí ọ̀rọ̀ ogún bá dé nílé, kò ní mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn. Ẹ bi àwọn àgbà ní nǹkan mẹ́rin: ta ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí, ìlú wo, agbo ilé wo, oríkì orílẹ̀ wo? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ó di ìgbà tí àgbà bá kú tán.