Akọ Màlúù Kan, Ìran Márùn-ún: Láti Charolles dé Ọ̀dọ̀ Wa

Nínú iṣẹ́ ọ̀sìn, akọ ni ìdajì agbo. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Abo màlúù kan kì í sábà bí ju ọmọ kan lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n akọ kan tó bá wà láàárín ọgbọ̀n abo lè di bàbá ọgbọ̀n ọmọ kí ọdún tó yípo. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sin akọ láti tà fún àwọn ẹlẹ́ran mìíràn fi yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta ẹran fún alápatà. Alápatà ń ra ohun tí ojú rẹ̀ rí: ẹran, awọ, egungun. Ẹni tó ń ra akọ sí agbo rẹ̀ ń ra ohun tí kò tíì wáyé, èyíinì ni àwọn ọmọ tí akọ náà yóò bí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á fún un ló gbẹ́kẹ̀ lé. A fẹ́ tọpa bí àwọn ìdílé àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé ṣe sọ irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ di òwò, kí a sì wo ohun tí ìtàn náà ní í bá àwa tí a wà ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́ sọ.

Màlúù Charolais, tó funfun bí òwú, gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Charolles, ní apá ìlà-oòrùn àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Nítòsí ibẹ̀ ni Brionnais wà, níbi tí koríko ti dára tó bẹ́ẹ̀ tí màlúù ń sanra lórí pápá lásán. Ní ọdún 1773, àgbẹ̀ kan tí a ń pè ní Claude Mathieu kúrò ní abúlé Oyé ní Brionnais, ó lọ gba oko ní Anlezy ní ilẹ̀ Nièvre, ó sì da àwọn màlúù funfun rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ tí a ti ń gbin ọkà bẹ̀rẹ̀ sí í di pápá koríko. Màlúù funfun náà ló ń fa ohun ìtúlẹ̀, òun náà ni a sì ń bọ́ sanra fún ọbẹ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe àṣẹ ìjọba ló gbé màlúù yìí láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ìdílé kan ló kó ẹrù rẹ̀, tó sì da ẹran rẹ̀ síwájú.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àríyànjiyàn ńlá dé bá àwọn ẹlẹ́ran wọ̀nyí. Akọ Durham ti dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìkí rẹ̀ sì kàn, nítorí pé kíákíá ni ọmọ rẹ̀ ń sanra. Àwọn kan fi Durham gun abo tiwọn. Àwọn mìíràn ní ẹran tí yóò túlẹ̀ kó tó di jíjẹ kò gbọdọ̀ pàdánù egungun rẹ̀ nítorí ọ̀rá. Ní ọdún 1864 ni Charles de Bouillé ṣí ìwé ìran kan sílẹ̀ ní Nièvre, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní herd-book. Ohun tí ìwé náà ń béèrè kò ṣòro láti sọ, àmọ́ ó ṣòro láti ṣe: ta ni bàbá ẹran yìí, ta ni ìyá rẹ̀, ta ló bí bàbá, ta ló bí ìyá?

Ọmọ Yorùbá kankan kò yẹ kó gbọ́ èyí bí ohun àjèjì. Oríkì ìdílé ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an: ó ń fi ẹni tó dúró níwájú wa hàn nípa àwọn tí a kò rí mọ́. Títí di òní, ní ilẹ̀ Faransé, ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà tirẹ̀, lẹ́tà náà ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ màlúù tí a kọ sínú ìwé lọ́dún náà. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ akọ kan lè ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbọ́ Abíọ́dún ṣe mọ̀ pé àsìkò ọdún ni a bí ọmọ náà. Ní ọdún 1882, àwọn ará Charolles ṣí ìwé tiwọn lọ́tọ̀, wọn kò fẹ́ kí ará Nièvre máa pàṣẹ lórí ẹran tó ń jẹ́ orúkọ ìlú àwọn. Ó tó ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní kí ìwé méjèèjì tó di ọ̀kan. Ẹni tó bá ti gbé ní ìlú méjì tó múlé gbera, tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó, kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín.

Báwo ni ìdílé kan ṣe ń yan akọ tí yóò tà? Púpọ̀ nínú àwọn akọ tí a bí ni a ń tẹ̀ lọ́dàá tàbí kí a tà wọ́n fún àwọn tó ń bọ́ ẹran sanra. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ń dá sí. Kó tó wo ọmọ, olóko gidi á kọ́kọ́ wo ìyá: ṣé ó ń fún ọmọ ní wàrà tó, ṣé ó ń bí wẹ́rẹ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ṣé kì í kan ènìyàn? Lẹ́yìn èyí ni yóò wá wo ẹ̀yìn akọ náà, itan rẹ̀ àti bó ṣe ń rìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni irú ìmọ̀ yìí fi ń jọ nínú ilé kan, bàbá ń sọ ọ́ fún ọmọ lórí pápá. Ojú ríran náà sì lè ṣìnà. Àwọn kan fẹ́ràn akọ tí iṣan itan rẹ̀ tóbi ju bó ti yẹ lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní culard, nítorí pé ó dára lójú, ó sì pọ̀ lẹ́ran. Àwọn abo tó gba oyún irú akọ bẹ́ẹ̀ ló jìyà rẹ̀: ọmọ kò lè jáde, a ní láti fa á, nígbà mìíràn a ní láti la ikùn ìyá.

Agbára akọ hàn kedere nígbà tí Charolais rékọjá òkun. Ní ọdún 1930, Jean Pugibet, ará Mẹ́síkò tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé wá, kó akọ méjì àti abo mẹ́wàá lọ sí Mẹ́síkò. Ní ọdún 1936, King Ranch, oko ńlá ìdílé kan ní Texas, ra akọ méjì láti ibẹ̀. Neptune àti Ortolan ni orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà ni àrùn ẹnu àti pátákò bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́síkò, tí Amẹ́ríkà sì ti ẹnu ibodè mọ́ màlúù. Abo Charolais kò tó nǹkan. Àwọn ẹlẹ́ran Amẹ́ríkà wá ń fi àwọn akọ tó wà nílẹ̀ gun abo ìran mìíràn. Ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ Charolais ní ìdajì. Bí ọmọ náà bá jẹ́ abo, tí akọ Charolais mìíràn tún gùn ún, tirẹ̀ á di ìdá 3 nínú 4; lẹ́yìn náà ìdá 7 nínú 8, ìdá 15 nínú 16. Ní ìran karùn-ún, ó ti di ìdá 31 nínú 32. Lójú ẹni tó ń wò ó, ìran ìyá àkọ́kọ́ ti parẹ́ pátápátá.

Ìṣírò kan náà yìí ló yẹ kó gbà wá lóorun.

Màlúù kékeré kan wà lọ́dọ̀ wa, ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí a ń pè ní Lagune lédè Faransé. Kò ní iké, ìwo rẹ̀ kúrú, gíga rẹ̀ ní èjìká kì í sábà tó mítà kan. Ẹni tó bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù oníké láti Sàhẹ́lì lè rò pé ọmọ ni. Síbẹ̀, eṣinṣin tsétsé ń ta á, kòkòrò àrùn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun kò sì kú bí màlúù oníké ṣe ń kú. Àwọn bàbá wa ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Màlúù Lagune nírù, àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ìjà náà ti ń lọ. Ní ilẹ̀ Bàrìbá lókè, àdàlù irú ẹran kékeré bẹ́ẹ̀ àti màlúù oníké ló bí ìran Borgou, tó tóbi ju Lagune lọ, tí òun náà sì ń fara da àrùn náà dé ìwọ̀n kan.

Ta ló ń yan akọ fún agbo wa? Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó ní màlúù kì í dà á fúnra wọn. Wọ́n ń fi í sọ́wọ́ Fúlàní ní gàá, darandaran á máa fún wàrà, ẹni tó ni ẹran á máa ka orí. Àdéhùn náà ti pẹ́, àwa kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ni abo kì í sábà mọ akọ tó gùn ún. Nígbà tí Iléyá bá sì dé, tàbí tí owó ilé ìwé bá dé, akọ tó tóbi jù, tó lẹ́wà jù, ni a kọ́kọ́ ń mú lọ sọ́jà, nítorí pé òun ló lówó lórí jù. Èyí tí kò rí ẹni rà á ló ń dúró láti di bàbá. Àwọn àgbẹ̀ Nièvre ń dá èyí tó dára jù sí, wọ́n ń ta ìyókù fún ọ̀bẹ. Ìdàkejì rẹ̀ ni àwa ń ṣe, kì í ṣe nítorí àìmọ̀kan, bí kò ṣe pé àìní kì í dúró de ọmọ tí a kò tíì bí.

Ọ̀nà kejì tí àwọn kan ń gbà ni pé kí wọ́n ra akọ oníké, kí ọmọ lè tóbi. Lóòótọ́, ọmọ àkọ́kọ́ á tóbi, owó rẹ̀ á sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fi akọ oníké gun abo ọmọ náà, tí a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìran karùn-ún kì í jìnnà. Bí abo kan bá ń bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ogún ọdún sí márùndínlọ́gbọ̀n ti tó. Ọmọ ilé ìwé tó ń ka ìwé yìí lónìí lè fi ojú ara rẹ̀ rí òpin ìran kan tó ti wà kí ìlú rẹ̀ tó wà.

Àwọn ìjọba kò fọwọ́ lẹ́rán. Ìtòsí Pàràkú ni oko Okpara wà, níbi tí a ti ń sin ìran Borgou, tí a sì ń yan akọ fún àwọn ẹlẹ́ran. A ti dá a sílẹ̀ kí òmìnira tó dé. Oko Samiondji, ní ilẹ̀ Zou, ni a ti ń tọ́jú màlúù Lagune. Ṣùgbọ́n oko ìjọba méjì kò lè ṣe iṣẹ́ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé ṣe ní Nièvre.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, a kó díẹ̀ nínú màlúù kékeré ilẹ̀ wa lọ sí Kóńgò, níbi tí a ti ń pè é ní Dahomey. Irú rẹ̀ dé ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú. Lónìí, ní Jámánì àti ní Switzerland, àwọn ìdílé kan ń sin màlúù kékeré tó ń jẹ́ Dahomey lórí pápá tí kò gba ẹran ńlá, wọ́n sì ń ta akọ rẹ̀ fún ara wọn pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ti ìyá. Ní ọjà tiwa, a ṣì ń fi ojú wọn akọ Lagune, ìwọ̀n ẹran ara rẹ̀ nìkan ni a sì ń san owó lé.